Whitney ní Louisiana: Àyẹ̀wò Ilé Ìtàn Kan Tí A Ń Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọ̀

Láàárín New Orleans àti Baton Rouge ní ìpínlẹ̀ Louisiana, etí odò Mississippi kún fún àwọn ilé ńlá tí àwọn olóko ìrèké kọ́ ní ayé òwò ẹrú, tí àwọn àlejò sì ń sanwó wọ̀ lónìí. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìtàn onílé ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò: ẹni tí ó gbé níyàwó, àga tí ó jókòó lé, àti àwọn ènìyàn pàtàkì tí ó pè síbi àsè. Whitney, tí ó wà nítòsí abúlé Wallace ní àgbègbè St. John the Baptist, yàtọ̀ sí wọn. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sórí oko náà ni wọ́n fi ṣe olórí ìtàn, ilé ọ̀gá ni àlejò sì ń dé gbẹ̀yìn. Mo ti wọ àwọn mìíràn ní ojú ọ̀nà yẹn, mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé oko ìrèké ṣe dúró, ohun tí ó gbé e ró àti ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Whitney ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tí ń jẹ́ Ambroise Heidel, tí ó dé Louisiana ní 1721, ni ó ra ilẹ̀ náà ní 1752. Èdè Faransé ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, orúkọ ìdílé náà sì di Haydel lẹ́nu wọn. Èlú, ewéko tí a fi ń ṣe aró, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìn. Nígbà tí Étienne de Boré fi hàn ní 1795, ní ẹ̀bá New Orleans, pé ó ṣeé ṣe láti sọ omi ìrèké Louisiana di ṣúgà oníhóró, gbogbo etí odò náà ni ó yí sí ìrèké, àwọn Haydel sì bá wọn yí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1800 sókè. Marcellin Haydel kú ní 1839, opó rẹ̀, Marie Azélie, sì gba àkóso. Lábẹ́ obìnrin yìí ni oko náà lókìkí jù: ní ìgbà ìkórè kan ṣoṣo, ṣúgà tí ó ti ibẹ̀ jáde lé ní 400,000 pọ́n-ùn. Nígbà tí òun náà kú ní 1860, ènìyàn 101 ni wọ́n kà mọ́ ohun ìní rẹ̀, bí wọ́n ṣe ka màlúù àti kẹ̀kẹ́ ẹrù. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, Bradish Johnson ra oko náà ní 1867, ó sì fi orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀, Harry Whitney, pè é. Ní 1990 ilé-iṣẹ́ Formosa rà á láti fi kọ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò kò gbà. Lẹ́yìn èyí ni John Cummings, agbẹjọ́rò ọmọ New Orleans, rà á, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún àti owó ara rẹ̀ tún un ṣe, tí òun àti onímọ̀ ìtàn ọmọ Senegal, Ibrahima Seck, sì sọ ọ́ di ilé ìtàn nípa òwò ẹrú. Ní 2019 ó fi í sílẹ̀ fún àjọ kan tí kì í ṣe ti èrè.

Ṣọ́ọ̀ṣì Antioch ni ìrìn àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé pákó ni, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni wọ́n kọ́ ọ ní 1870 ní Paulina, ní òdìkejì odò, kí wọ́n tó gbé e wá síbí. Nínú rẹ̀ ni àwọn ère ọmọdé tí Woodrow Nash mọ wà, tí wọ́n dúró tàbí jókòó láàárín àwọn àga ìjọsìn bí ẹni ń retí ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọdé ni ó mọ wọ́n, nítorí pé ọmọdé ni àwọn tí ó ṣì wà láàyè láti sọ ìtàn ara wọn nígbà tí òmìnira dé: ní àwọn ọdún 1930, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà rán àwọn òǹkọ̀wé lọ bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣe ẹrú rí, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Káàdì kan ni wọ́n fún mi kọ́ sọ́rùn, àwòrán ọ̀kan nínú àwọn ère náà wà ní ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ sì wà ní ẹ̀yìn. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí. Bí a ṣe ń rìn kiri, tí oòrùn ń pa wá, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan pàtó ni ó wà láyà mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ẹrú lápapọ̀.

Láti ibẹ̀ ni a ti ń lọ síbi àwọn ògiri òkúta gíránáìtì tí wọ́n fín orúkọ sí. Àkọ́kọ́ ni ti àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí oko yìí gan-an, wọ́n lé ní 350. Èkejì tóbi jù ú lọ fíìfíì: orúkọ 107,000 ti àwọn tí wọ́n fi ṣe ẹrú ní Louisiana, tí a rí láti inú iṣẹ́ Gwendolyn Midlo Hall, obìnrin onímọ̀ ìtàn tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún tú ìwé ilé ẹjọ́ àti ìwé àdéhùn tí àwọn akọ̀wé Faransé àti Sípéènì fi sílẹ̀. Àwọn akọ̀wé wọ̀nyí sábà máa ń kọ ẹ̀yà tí ẹni tí wọ́n ń tà ti wá, èyí tí àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe. Nítorí náà ni a fi lè rí àwọn Bámbárá, àwọn Kóńgò, àwọn Wọ́lọ́ọ̀fù, àti àwọn Nàgó, tí í ṣe ẹ̀yà tiwa, nínú ìwé Louisiana. Iye àwọn tiwa níbẹ̀ kò tó ti Cuba tàbí Brazil, ṣùgbọ́n wọ́n wà, àkọsílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orúkọ Faransé kan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú ìwé, kò sí orúkọ bàbá, kò sí oríkì. Ọmọ Yorùbá tí ó mọ ohun tí à ń ṣe ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yóò mọ ìwọ̀n ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kí wọ́n tó gbé ọkọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Nítòsí ibẹ̀ ni àgbàlá kékeré kan wà fún àwọn ọmọ ọwọ́ bíi 2,200 tí wọ́n kú ní àgbègbè náà láàárín ọdún 1823 sí 1863. Inú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni wọ́n ti rí wọn. Ère áńgẹ́lì aláwọ̀ dúdú tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́ wà láàárín rẹ̀. Ibòmíràn sì wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tí wọ́n dìde ní oṣù Kìíní ọdún 1811, nígbà tí Charles Deslondes àti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú gbéra láti oko Manuel Andry ní òdìkejì odò, tí wọ́n forí lé New Orleans. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, wọ́n gé orí ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì fi kọ́ orí òpó lẹ́bàá odò láti dẹ́rù ba àwọn yòókù. Àwọn orí tí Nash mọ dúró lórí òpó bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìṣàmì wà lójú ọ̀nà kí òbí lè pinnu bóyá ọmọ òun yóò rí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ní àríwísí ni ti àwọn ilé tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn. Ilé ẹrú 22 ni ó wà lórí oko yìí rí, ṣùgbọ́n wọ́n wó wọn ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí à ń rí báyìí sì ti oko mìíràn wá. N kò ka èyí sí ẹ̀tàn, nítorí pé amọ̀nà wa sọ ọ́ fún wa láìfi nǹkan pa mọ́, àti pé ilé onípákó kan náà ni, tí wọ́n pín sí méjì kí ìdílé méjì lè máa gbé e, tí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là wọ́n láàárín. Ti ilé ẹ̀wọ̀n onírin ni ọ̀rọ̀ gan-an. Wọ́n ṣe é ní 1868, lẹ́yìn tí òfin ti fòpin sí ẹrú, Gonzales ni wọ́n sì ti gbé e wá. Wọ́n gbé e síbi tí ẹni tí ó bá dúró nínú rẹ̀ yóò máa wo ilé ọ̀gá láàárín ọ̀pá irin. Iṣẹ́ ọnà tí ń mi ọkàn ni, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ìtàn, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é yóò gbà pé ibẹ̀ ni Marie Azélie ń ti àwọn ẹrú rẹ̀ mọ́. Èmi ìbá fẹ́ kí wọ́n kọ 1868 gàdàgbà sí ara rẹ̀.

Àwọn ìkòkò irin tí wọ́n fi ń se omi ìrèké kò nílò àlàyé púpọ̀, síbẹ̀ ó yẹ kí a dúró wò wọ́n dáadáa. Títò ni wọ́n máa ń tò wọ́n lórí iná, láti orí èyí tí ó tóbi jù dé orí èyí tí ó kéré jù. Omi ìrèké ń ki bí wọ́n ṣe ń fi ìgbákọ gbígùn bù ú láti inú ọ̀kan sí òmíràn, títí yóò fi tó àkókò tí ó máa di hóró. Láti oṣù Kẹwàá títí di òpin ọdún ni iṣẹ́ yìí, tọ̀sán tòru, nítorí pé bí òtútù bá ká ìrèké mọ́ oko, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ ń há sínú ẹ̀rọ, omi gbígbóná ń ta síni lára, oorun sì ń kun àwọn tí ó dúró ti iná. Owó tí ó kọ́ ilé tí ó wà níwájú, inú àwọn ìkòkò yìí ni ó ti jáde.

Ilé náà wá kàn. Ní nǹkan bí ọdún 1790 ni wọ́n kọ́ ọ, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó pé jù lọ tí ó ṣẹ́kù nínú irú ilé tí àwọn Créole ìgbà náà, ìran àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n bí sí Louisiana, ń kọ́, ìyẹn ilé tí wọ́n gbé ibùgbé ga sókè kúrò nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ jẹ́ bíríkì, òkè ni àwọn onílé ń gbé. Ìdí rẹ̀ kò ju odò lọ: omi Mississippi máa ń kún bo ilẹ̀, bíríkì lè fara da omi, igi kò lè fara dà á pẹ́. Bí wọ́n ṣe gbé e ga yìí náà ni ó jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà wọlé. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó la irú ilé yìí láàárín. Láti yàrá kan ni a ti ń bọ́ sí òmíràn, ọ̀pọ̀ yàrá sì ní ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí ó ṣí sí fàráńdà, tí àwọn ilẹ̀kùn iwájú àti ti ẹ̀yìn sì kọjú síra kí afẹ́fẹ́ lè gbà á já. Fàráńdà gbígbòòrò tí òrùlé bò mọ́lẹ̀ kì í jẹ́ kí oòrùn kan ògiri, ìta yìí náà sì ni ọ̀nà tí a ń gbà lọ káàkiri ilé. Òpó ìsàlẹ̀ ki, bíríkì ni. Ti òkè tẹ́ẹ́rẹ́, igi ni. Ojú ilé kọ odò, nítorí pé odò ni ọ̀nà títì wọn nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ni àlejò àti ẹrù ń bá dé. Ilẹ̀ àwọn olóko wọ̀nyí náà, ojú odò ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ní ìlà tóóró tí ó gùn lọ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn, kí olúkúlùkù lè ní èbúté tirẹ̀.

Ohun tí ó gbà mí láfiyèsí jù ni bí wọ́n ṣe ń mọ ògiri nínú irú ilé yìí. Igi sípírẹ́sì, tí omi kì í tètè jẹ, ni wọ́n ń gé nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe òpó àti ìtì. Àárín àwọn òpó náà ni wọ́n ń fi amọ̀ dí, amọ̀ tí wọ́n pò mọ́ ewéko onírun eléérú tí ó máa ń rọ̀ sílẹ̀ lára igi óákù ibẹ̀, kí ó má baà sán. Bousillage ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti rí i bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ̀ gún amọ̀ ilé ní abúlé wa, tí wọ́n ń da koríko mọ́ ọn kí ó lè gbá mú, kò nílò amọ̀nà láti mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó. Ẹrú ni ó gé igi, ẹrú ni ó sun bíríkì, ẹrú ni ó pò amọ̀. Nígbà tí mo rí kíkùn ojú ògiri àti àjà ilé, èyí tí wọ́n gbà pé ọwọ́ Domenico Canova, ayàwòrán ọmọ Ítálì, ni ó ti wá, tí amọ̀nà sì dárúkọ rẹ̀, ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni pé orúkọ ẹni tí ó kun ilé wà nílẹ̀, ti àwọn tí ó mọ ọ́n kò sí. Irú kíkùn bẹ́ẹ̀ ní ara ògiri ìta ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí àlejò fara balẹ̀ wò ó.

Ẹ̀yìnkùlé ni a gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ń gbé oúnjẹ wá láti ilé ìdáná ṣe ń ṣe. Ilé ìdáná dá dúró sọ́tọ̀ nítorí iná àti ooru. Àwọn ilé ẹyẹlé méjì wà níbẹ̀, abà onígi kan tí ó jẹ́ pé irú rẹ̀ tí àwọn Créole Faransé kọ́ kò tún sí mọ́ ní ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí pé ẹ̀yìn ni a ti wá, iwájú ilé, tí ó jẹ́ ohun tí gbogbo ènìyàn ń yà ní fọ́tò, ni ohun tí mo rí gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí mo ti mọ ohun tí ó ná àwọn ènìyàn. Bí wọ́n ṣe tò ó yìí gan-an ni agbára Whitney. Kò sí àkọlé kankan tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí ìtò náà ṣe.

Inú ilé yìí kan náà ni Anna ti ṣiṣẹ́, ẹrúbìnrin tí ó bí Victor fún Antoine Haydel, arákùnrin Marie Azélie. Ìran Victor ni Sybil Haydel Morial ti ṣẹ̀, ìyàwó Ernest Morial tí ó di olórí ìlú New Orleans ní 1978, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Marc, ọmọ wọn, tún jẹ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn amọ̀nà kì í fi èyí ṣe ìtàn aládùn. Wọ́n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Anna bí ó ṣe rí, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní ààyè lè fi Oak Alley kún un, kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní 1837 sí 1839 ni wọ́n kọ́ ọ, òpó ńlá 28 yí i ká bí ilé òrìṣà àwọn Gíríìkì, igi óákù 28 sì tò dé iwájú rẹ̀. Ó lẹ́wà, èmi kò ní jiyàn. Wọ́n ti tún àwọn ilé ẹrú kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ń sọ ti Antoine, ẹrú olùtọ́jú ọgbà tí ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà láti lọ́ ẹ̀ka igi pekan, igi eléso olóòpo líle, mọ́ ara igi mìíràn kí ó sì yè dáadáa ní nǹkan bí 1846, èyí tí gbogbo oko pekan Amẹ́ríkà jẹ ní gbèsè. Síbẹ̀ ilé ni ó gba gbogbo ojú níbẹ̀. Nottoway, tí ó tóbi ju gbogbo wọn lọ, tí wọ́n parí ní 1859 lórí ilẹ̀ tí ẹrú 155 ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì sọ di hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi ìgbéyàwó, jóná ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Ní Whitney, bí ìjì Ida ṣe ba àwọn ilé jẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, orúkọ tí wọ́n fín sí òkúta kò kúrò níbi tí ó wà, nítorí pé kì í ṣe ilé ọ̀gá nìkan ni wọ́n gbé ìtàn lé.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìkọ́lé, kí wọ́n má ṣe kúrò ní Louisiana láìrin àdúgbò Tremé ní New Orleans. Ilé tóóró tí yàrá rẹ̀ tò tẹ̀léra láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní shotgun, pọ̀ níbẹ̀. John Michael Vlach, onímọ̀ nípa àṣà, ni ó ṣàlàyé ní àwọn ọdún 1970 pé Haiti ni irú ilé yìí ti dé New Orleans, pàápàá nígbà tí àwọn olùwá-ibi-ìsádi tí ó lé ní 9,000 gba Cuba wọ ìlú náà ní 1809, àti pé ìwọ̀n àti ìtò yàrá rẹ̀ bá ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá mu. Àwọn kan kò gbà á tán, ṣùgbọ́n mo rò pé àlàyé náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó sì kù díẹ̀ káàtó pé Whitney kò sọ púpọ̀ nípa ohun tí àwọn kọ́lékọ́lé aláwọ̀ dúdú mọ̀ kí wọ́n tó dé, yàtọ̀ sí agbára tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́. Àfikún tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe jù lọ nìyẹn.

Ní ti ìtọ́jú àlejò, kò sí ẹ̀sùn púpọ̀. Láti New Orleans, ìrìn bíi wákàtí kan ni pẹ̀lú mọ́tò. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò lè bá àwọn ilé-iṣẹ́ arìnrìn-àjò lọ. Ènìyàn lè fi fóònù gbọ́ àlàyé fúnra rẹ̀, tàbí kí ó tẹ̀lé amọ̀nà. Ẹ gba amọ̀nà. Ohùn inú fóònù ń sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n kò lè dáhùn ìbéèrè, ìbéèrè sì ni ibẹ̀ máa ń fa jáde. Gbangba ni ọ̀pọ̀ ìrìn náà, ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Louisiana kò sì mọ àlejò. Bàtà tí ó rọrùn, fìlà àti omi ṣe pàtàkì. Ibi ìtàwé wọn dára ju ti àwọn yòókù tí mo wọ̀ lójú ọ̀nà náà lọ.

Àwọn ará wa tí ó wà ní Houston lè fi nǹkan bíi wákàtí márùn-ún tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ wa mọ́tò débẹ̀, mo sì gbà wọ́n níyànjú láti mú àwọn ọmọ tí wọ́n ti tó ilé ẹ̀kọ́ girama lọ. Ẹ dé ní òwúrọ̀, ẹ ya ó kéré tán wákàtí mẹ́ta sọ́tọ̀, kí ẹ sì fi Oak Alley sí ọ̀sán, kì í ṣe ṣáájú. Ẹni tí ó bá ti Oak Alley bẹ̀rẹ̀ yóò gbé ojú ẹni tí ń wo ẹwà òpó dé Whitney, ó sì máa ń pẹ́ kí ojú náà tó kúrò.